Mànàmáná Olówó Pọ́ọ́kú

Dọ́là mọ́kànlélógún ni mo ra àkọ́kọ́
ní ṣọ́ọ̀bù àlòkù kan lójú pópó Sargent, ní Winnipeg,
láàárín bàtà yìnyín ẹlẹ́sẹ̀ kan àti rédíò tó ti yadi.
Ìkejì, Jomar ló fún mi lọ́fẹ̀ẹ́,
ọmọ Filipíìnì tó ń gbé lókè orí mi.
Ìdérí bátìrì rẹ̀ ti ká;
rọ́bà ìdirun la fi dè é mọ́ra.

Agboòrùn funfun kan wà tí mo gbé ti ilé wá.
Oòrùn wo ló fẹ́ gbà ní oṣù Kejì,
nígbà tí itọ́ ń dì kó tó balẹ̀?
Mo bẹ̀ ẹ́ kó má bínú.
Mo so ó mọ́ ọ̀pá ìgbálẹ̀,
mo ki ọ̀pá bọ garawa iyọ̀ tí a fi ń yọ́ yìnyín ẹnu ọ̀nà,
mo kọjú fíláàṣì sí i nínú:
ó yá, gboòrùn.

Màmá Fẹ̀hìntọlá sọ̀kalẹ̀ wá sí yàrá abẹ́ ilé,
ó ń ka àtẹ̀gùn bí ẹni ń ka owó tí kò pé.
Ó bọ́ kóòtù àkọ́kọ́, ó bọ́ èkejì,
ó wá ku gèlè àti ara rẹ̀.
Ó na fọ́tò kan sí mi, ti ṣọ́ọ̀bù ńlá.
“Wò ó. Ta nìyí?”
Mo wò ó. Mi ò mọ̀ ọ́n.
Fíláàṣì tó gun kámẹ́rà lórí ti já lù ú lójú,
ó ti fọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bí àwo tí wọ́n jẹun tán nínú rẹ̀.
Àbàjà mẹ́ta-mẹ́ta tí wọ́n kọ fún un ní Ìrẹsà,
ọ̀kan ò ṣẹ́kù.
“Ọmọ mi ní ó dáa bẹ́ẹ̀, pé mo kéré lójú.”
Ó dákẹ́ díẹ̀.
“Ìyá tó bí mi ò ní dá èyí mọ̀ láàárín èrò.”

Àwọn àgbà ní òkùnkùn ò mẹni ọ̀wọ̀.
Ẹ jẹ́ n fi tèmi kún un:
ìmọ́lẹ̀ àfojúkojú náà ò mọ̀ ọ́n.
Ọmọ tó gba ẹ̀kọ́ kì í tẹjú mọ́ àgbà;
ó yẹ kí iná náà gba ẹ̀kọ́ ilé.

Mo gbé èkíní sí apá òsì, ó ga ju gèlè lọ díẹ̀,
kó máa bọ̀ jẹ́jẹ́ láti ẹ̀gbẹ́.
Jomar gbé ìkejì dání lápá ọ̀tún, aṣọ ìbùsùn bò ó lẹ́nu,
kí òjìji má baà le jù.
Mo tẹ̀ ẹ́. Ó kọ mànà. Ojú Màmá tẹ́ pẹrẹsẹ.
Mo dín in kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin,
sí ìdá kan nínú mẹ́jọ.
Màmá ṣẹ́jú. Ó ní mànàmáná tí kì í rọ òjò,
kí ló wá ṣe?

Nígbà karùn-ún, ti Jomar kọ̀.
Bátìrì tó sùn nínú ọkọ̀ mọ́jú ti gan.
Ó ń gbọ̀n ọ́n, ó ń fẹ́ ẹ lẹ́nu, ó ń fi èdè ìyá rẹ̀ bú u.
Ṣùgbọ́n mo ti tẹ bọ́tìnì ná.

Ẹ wá wo ohun tó wà lójú kámẹ́rà.
Apá ọ̀tún ojú rẹ̀ ti wọ òkùnkùn, ó ń sinmi.
Apá òsì ni ìmọ́lẹ̀ gbà kọjá;
ó já sínú ilà kan, ó gòkè, ó tún já,
bí ẹni ń fo poro oko nígbà tí oòrùn ń wọ̀.
Oókan, eéjì, ẹẹ́ta.

Màmá gba kámẹ́rà lọ́wọ́ mi. Ó pẹ́.
Ó ń fi èékánná tọ ilà lórí gíláàsì,
ọwọ́ kejì ń tọ̀ ọ́ lójú ara rẹ̀.
“Èló ni fìtílà yìí?”
Mo sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.
“Owó tí bàbá mi san fún olóólà ò tó bẹ́ẹ̀.”

Jomar ti rí bátìrì tuntun. Ó ní ká tún un yà.
Mo ní kó jẹ́ kó sùn.